Ihò afẹ́fẹ́ nínú fáíbà: bí mo ṣe ń fa résìnì tí kì í fi í há sínú iṣẹ́

Àjákù fáíbà kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkòròdú. Ìṣó ni mo fi kàn án mọ́ ibẹ̀. Tí ẹ bá yọ ọ́, tí ẹ gbé e sójú oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ ó rí àwọn tóótòòtó funfun tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn láàárín òwú gíláàsì, bí ẹyin kòkòrò lábẹ́ ewé. Ihò afẹ́fẹ́ ni gbogbo wọn.

Lára ìdérí ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi kan tí èmi fúnra mi ṣe ni mo ti gé e. Ìdérí náà dán gbinrin lójú, oníbàárà sì yìn mí. Kò pé oṣù márùn-ún tó fi là ní igun tí awakọ̀ ń fẹsẹ̀ tẹ̀ bó bá ń wọ ọkọ̀. Mo ṣe òmíràn fún un láìgba kọ́bọ̀, mo wá fi ayùn gé ti àkọ́kọ́ sí wẹ́wẹ́ kí n lè mọ ohun tó pa á. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ kúrò lórí búrọ́ọ̀ṣì bọ́ sórí pọ́ǹpù.

Ẹni tó ń lo búrọ́ọ̀ṣì àti rólà máa ń rí afẹ́fẹ́ lójúkojú. Bó bá rí i tó wú, á fi rólà lé e jáde. Tiwa tí à ń fi pọ́ǹpù fa résìnì, ìyẹn oje kẹ́míkà tó ń dì mọ́ òwú fáíbà tó sì ń le, kò rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ fáíbà gbígbẹ la ó tẹ́ sínú móòdù, ìyẹn ohun tó ń fún iṣẹ́ ní ìrísí. A ó fi náílọ́ọ̀nù bò ó, a ó fi téèpù onígọ́ọ̀mù dí etí rẹ̀ yíká, pọ́ǹpù á fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn la ó tó ṣí rọ́bà tí résìnì ń gbà wọlé. Afẹ́fẹ́ ayé tó wà níta ń tẹ gbogbo nǹkan ní bíi 1,013 millibar (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan tó), òun gan-an ló ń ti résìnì wọlé. Iṣẹ́ pọ́ǹpù ni kó sọ inú náílọ́ọ̀nù dòfo. Ibi tí kò bá ṣófo tán, résìnì ò ní kún ibẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù ló máa jókòó síbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé ká tó ṣí résìnì, iṣẹ́ ti dára tàbí ti bàjẹ́ tán.

Àwọn tó ti wọ̀n ọ́n rí i pé fún 1% ihò tó bá wà nínú fáíbà, agbára tí ìpele kan fi ń di ìpele kejì mú ń lọ sílẹ̀ ní bíi 7%, ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ihò á fi tó bíi 4%. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìdérí mi nìyẹn. Ìpele ló ṣí kúrò lára ìpele.

Omi

Omi ló kọ́kọ́ tàn mí jẹ. Oṣù Kẹfà ni, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Mo fi pílíwúùdù sí àárín ìdérí náà kó lè le, mo fọwọ́ kàn án, ó gbẹ, mo bá gbà pé ó gbẹ. Gbogbo wa mọ̀ pé omi ń hó ní 100°C, àmọ́ ìyẹn jẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń tẹ̀ ẹ́ lórí. Bí pọ́ǹpù bá fa afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ títí ó fi ku bíi 42 millibar, 30°C ti tó kí omi hó, ooru ṣọ́ọ̀bù lásán sì nìyẹn. Ọ̀rinrin inú pákó ń di oru lábẹ́ náílọ́ọ̀nù, résìnì ń bò ó mọ́lẹ̀ bó ṣe ń jáde. Nígbà tí mo gé e, ojú pákó gan-an ni tóótòòtó funfun yẹn pọ̀ sí jù.

Láti ìgbà náà, aṣọ fáíbà mi kì í sùn síta. Inú náílọ́ọ̀nù tí a dì lẹ́nu ló ń wà, lórí pẹpẹ, kì í kan ilẹ̀ sìmẹ́ńtì torí ọ̀rinrin ilẹ̀. Mo ti yọ pílíwúùdù kúrò nínú iṣẹ́ pọ́ǹpù pátápátá. Fóòmù PVC tí wọ́n ti lu ní ihò, tí wọ́n sì ti la ní poro kí résìnì lè gba inú rẹ̀ bọ́ sódì kejì, ni mo ń lò. Bó bá jẹ́ pákó lẹ ní lọ́wọ́, ẹ sá a, kẹ́ ẹ fi résìnì kùn ún lọ́tùn-ún lósì títí dé etí, kó le dáadáa kó tó wọ móòdù.

Bí mo bá ti fi náílọ́ọ̀nù bò ó tán, pọ́ǹpù máa ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì, ó kéré tán, kí n tó fọwọ́ kan agolo résìnì. Lásìkò òjò, mo ń ta tapólínì bo móòdù lórí, mo ń so gílóòbù 200 wáàtì mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀ bí àwọn tó ń sin ọmọ adìyẹ ṣe ń ṣe. Ooru ń lé ọ̀rinrin jáde, pọ́ǹpù ń kó o lọ. Lẹ́yìn náà mo ń kó gílóòbù kúrò, mo ń jẹ́ kí móòdù tutù padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sítóòfù tàbí ẹyín iná ṣe é, torí oru résìnì máa ń gbaná.

Pọ́ǹpù tèmi ni irú oníbejì tí àwọn tó ń tún ẹ́síì àti fíríìjì ṣe máa ń lò. Ọ̀rinrin tó ń fà máa ń wọ inú ọ́ìlì rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ti ń funfun bíi wàrà, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ rọ òmíràn sí i. Pọ́ǹpù tí ọ́ìlì rẹ̀ ti lómi kò ní fà dé ìsàlẹ̀ mọ́, ìyẹn ni pé kò ní fa afẹ́fẹ́ tán, ẹ ó sì máa wá ibi tó ń jò lára náílọ́ọ̀nù tí kò ṣẹ̀ yín.

Àsìkò ọyẹ́ ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ ńlá. Eruku rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ máa nù kúrò létí móòdù, kí téèpù lè mú ibẹ̀.

Ibi tó ń jò

Ihò tí abẹ́rẹ́ ò lè gbà tó láti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Kí n tó fi wáàsì pa móòdù, mo máa ń lẹ téèpù bébà mọ́ etí rẹ̀ níbi tí téèpù onígọ́ọ̀mù máa jókòó sí. Bí mo bá pa wáàsì tán, mo ṣí bébà náà kúrò. Téèpù kì í mú ibi tí wáàsì bá kàn.

Náílọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ tóbi ju móòdù lọ, bí agbádá ṣe ń tóbi ju ẹni tó wọ̀ ọ́. Ẹ ṣẹ́ ẹ po níbi gbogbo igun, kí ibẹ̀ ní àlékún. Náílọ́ọ̀nù tó bá na gbandi kọjá lórí igun á dà bí afárá, kò ní kan aṣọ fáíbà, afẹ́fẹ́ tàbí résìnì lásán ló sì máa wà lábẹ́ rẹ̀. Aṣọ fáíbà fúnra rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Nítorí ìyẹn ni mi ò ṣe ń fà á dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo ń fà á dé ìdajì, mo ń fi ìka ti náílọ́ọ̀nù àti aṣọ wọ gbogbo kọ̀rọ̀, mo wá ń jẹ́ kó fà tán.

Ìdánwò ló kàn. Ẹ fi kíláàǹpù dí rọ́bà tó lọ sí pọ́ǹpù, ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ kọ nọ́ńbà ojú géèjì àti aago sílẹ̀. Géèjì onínọ́ńbà ni kẹ́ ẹ rà, torí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí bíi ti aago kò lè fi ìyàtọ̀ 5 millibar hàn yín. Fún iṣẹ́ tó tó mítà kan níbùú àti lóròó, bí nọ́ńbà bá fi ju 5 millibar gòkè ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mi ò ní po résìnì lọ́jọ́ yẹn, bó ti wù kí oníbàárà máa pè tó. Ẹ tún wo bó ṣe ń gòkè. Bó bá ń gòkè bákan náà láìdẹwọ́, afẹ́fẹ́ ló ń jò wọlé. Bó bá yára gòkè díẹ̀, tó wá ń rọra títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ọ̀rinrin ló ń jáde lára aṣọ, ẹ tan pọ́ǹpù padà kó máa fà á lọ.

Láti wá ibi tó ń jò, mo ń pa rédíò, mo ń ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, mo wá ń tẹ etí mọ́ téèpù yíká. Ó máa ń súfèé wínníwínní bí ẹ̀fọn. Ibi tí náílọ́ọ̀nù ti ṣẹ́ po, àti ibi tí rọ́bà gbà wọlé lábẹ́ téèpù, ló sábà máa ń jẹ́. Lọ́jọ́ kan, wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi wá a. Mo tẹ gbogbo téèpù títí àtàǹpàkò mi fi pọ́n, ó ń súfèé síbẹ̀. Ìgbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́ ni mo tó rí i. Òwú gíláàsì kan ṣoṣo, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ló ti gba abẹ́ téèpù bọ́ síta, afẹ́fẹ́ sì ń gba àárín rẹ̀ wọlé bí ìgbà tí èèyàn ń fi sítírọ́ọ̀ mu nǹkan. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá etí móòdù kí téèpù tó balẹ̀.

Ọ̀nà tí résìnì máa gbà

Bí résìnì bá rin 30 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ má retí pé á dé 60 ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Mẹ́rìndínlógún ló máa gbà á. Bí ọ̀nà bá di ìlọ́po méjì, àkókò á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí mo fi ń gbé rọ́bà résìnì sí àárín iṣẹ́ tó bá fẹ̀, tí mo sì ń to rọ́bà pọ́ǹpù yíká etí.

Lórí aṣọ fáíbà, peel ply, aṣọ tí à ń ṣí kúrò tí résìnì bá ti dì, ló kàn, àwọ̀n wá wà lórí rẹ̀. Àwọ̀n yìí ni résìnì ń gbà sáré. Bill Seemann, ará Amẹ́ríkà, ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ọgbọ́n yìí ní 1990, àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ò sì tíì fi í sílẹ̀ títí dòní. Résìnì ń sáré lórí àwọ̀n, ó ń rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà òkè máa ń ṣáájú ìsàlẹ̀. Bí àwọ̀n bá dé ẹnu rọ́bà pọ́ǹpù, résìnì òkè á ti wọ rọ́bà nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì gbẹ. Afẹ́fẹ́ á wá há sísàlẹ̀, lójú gelcoat, ìyẹn awọ òde tó ń dán tí oníbàárà máa rí. Mo ń gé àwọ̀n kó ku sẹ̀ǹtímítà 5 kó dé ibẹ̀. Aṣọ àti peel ply nìkan ló máa lọ bá rọ́bà. Bí résìnì bá dé ibi tí àwọ̀n parí sí, á fa ẹsẹ̀, ìsàlẹ̀ á sì bá a.

Etí fóòmù tún wà níbẹ̀. Bí àlàfo ìwọ̀n igi ìṣáná bá wà láàárín fóòmù àti ẹ̀gbẹ́ móòdù, résìnì á gba ibẹ̀ sáré bí omi inú gọ́tà, á yí po, á pàdé ara rẹ̀ níwájú, á sì ká afẹ́fẹ́ mọ́ àárín. Erékùṣù gbígbẹ tó bá bẹ́ẹ̀ há, kò sí pọ́ǹpù tó lè fà á jáde mọ́. Mo ti rí àwọn tó fi abẹ́rẹ́ gún náílọ́ọ̀nù láti fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Ó lè ṣiṣẹ́, ó sì lè dá ihò tuntun sílẹ̀. Mi ò ní gbà á láyè fún ohun tí èèyàn máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Kẹ́ ẹ kúkú gé fóòmù kó wọ̀ ọ́ wẹ́kú, kẹ́ ẹ sì mú bírò kẹ́ ẹ ya bẹ́ ẹ ṣe rò pé résìnì á ṣe rìn sórí bébà, láti ibi tó ti máa wọlé títí dé ibi tó ti máa parí. Níbi tó bá ti máa parí ni rọ́bà pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ wà.

Ìyára náà ní ìwọ̀n. Òwú gíláàsì máa ń mu résìnì fúnra rẹ̀ bí òwú àtùpà ṣe ń mu epo. Bí résìnì bá rọra jù, inú òwú á kún ṣáájú, afẹ́fẹ́ á há sí àárín òwú kan sí èkejì. Bó bá sáré jù, àárín òwú á kún ṣáájú, afẹ́fẹ́ á há sínú òwú gan-an, níbi tó ti ṣòro láti lé e. Ọwọ́ mi kì í kúrò lára kíláàǹpù ẹnu rọ́bà résìnì. Bó bá ń sáré ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, mo fún un pọ̀ díẹ̀.

Résìnì fúnra rẹ̀

Résìnì tí à ń fi búrọ́ọ̀ṣì lò ti ki jù. Ẹ béèrè fún èyí tí wọ́n ṣe fún infusion, ìyẹn fífi pọ́ǹpù fa résìnì, tó wà láàárín bíi 200 sí 300 mPa·s, ìwọ̀n bí nǹkan olómi ṣe ki tó. Ó ki ju òróró ẹ̀pà lọ, àmọ́ kò sún mọ́ oyin rárá. Iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára agolo pé á fi dì, ẹ wo ooru tí wọ́n kọ sí i. Bó bá jẹ́ 20°C tàbí 25°C, kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ní 32°C tiwa. Mo ń po díẹ̀ sínú kọ́ọ̀pù láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, mo ń wo aago títí á fi dì bí ẹ̀kọ, kí n tó pinnu ìwọ̀n kátálíìsì, ìyẹn ohun tó ń mú kí résìnì dì. Ẹ má sì lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ, torí èyí tó kéré jù kì í le tán. Ẹ wọ gíláàsì ojú, kátálíìsì MEKP lè fọ́ ojú. Bó bá jẹ́ résìnì tí ẹ ní láti fi cobalt, ohun tó ń mú kí dídì rẹ̀ yá, sí fúnra yín, ẹ po cobalt mọ́ résìnì dáadáa kí kátálíìsì tó dé ibẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé ní tààrà, ó lè bú gbàù.

Igi pẹlẹbẹ ni mo fi ń po ó, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ń ha ẹ̀gbẹ́ àti ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Dírílì máa ń kó afẹ́fẹ́ wọnú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹpọ́kísì, irú résìnì kan, lẹ́yìn tí mo bá po ó tán mo ń gbé e sínú ìkòkò tí pọ́ǹpù ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Á wú, á hó gòkè bí ìfófó ọṣẹ, á bẹ́, á sì lọlẹ̀. Ẹ lo abọ́ tó tó ìlọ́po márùn-ún résìnì náà, kó má baà ṣàn wọ rọ́bà pọ́ǹpù.

Pọ́líẹ́sítà, irú résìnì mìíràn, yàtọ̀ nítorí sítáírìnì, kẹ́míkà olómi tó wà nínú rẹ̀. Sítáírìnì tó dá dúró ń hó ní 145°C lábẹ́ afẹ́fẹ́ ayé, ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ bá ku bíi 12 millibar, á hó ní 30°C. Ìyẹn ni pé pọ́ǹpù tó dára jù, nínú ooru wa, lè dá ihò sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo ń fà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá nígbà ìdánwò, àmọ́ bí résìnì bá ti kún móòdù, mo ń dẹ fákúùmù, ìyẹn bí pọ́ǹpù ṣe ń fa afẹ́fẹ́, títí géèjì á fi wà láàárín 250 sí 500 millibar, mo sì ń fi í síbẹ̀ títí á fi dì. Èrè kejì wà ńbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há ní 50 millibar, bí ẹ bá gbé e dé 300, á fún pọ̀ di ìdá kan nínú mẹ́fà ohun tó jẹ́.

Ọjọ́ tí ẹ máa ṣí i

Aago méje àárọ̀ ni mo ń ṣí i, kí oòrùn tó gun páànù. Mi ò sì ní fi iná ìjọba ṣe é. Lẹ́ẹ̀kan rí, iná lọ nígbà tí résìnì dé ìdajì. Kí n tó sáré dé ìdí jẹnẹrétọ̀, afẹ́fẹ́ ti gba inú pọ́ǹpù padà wọlé, résìnì dúró síbi tó wà, ó sì dì síbẹ̀. Nísinsìnyí, mo ń rọ epo kún jẹnẹrétọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Fáàfù tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà sẹ́yìn wà lẹ́nu pọ́ǹpù, kíláàǹpù sì wà lára rọ́bà tó wà láàárín móòdù àti kòkò tó ń gba résìnì àjẹṣẹ́kù.

Ẹ gé ẹnu rọ́bà résìnì ní gẹ̀rẹ́, kó má baà lẹ̀ mọ́ ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ sì dè é mọ́ igi kó má lè léfòó. Ọmọ iṣẹ́ mi kan kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ náà ju kó máa wo bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí résìnì bá lọ sílẹ̀ débi tí ẹnu rọ́bà fi mu afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, afẹ́fẹ́ náà á la àárín iṣẹ́ kọjá, ẹ ó sì máa wò ó lójú yín. Résìnì tó bá ṣẹ́ kù sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ṣe òfò. Ẹ dí rọ́bà kó tó tán.

Díẹ̀ nínú ìfófó máa ń wà níwájú résìnì bó ṣe ń rìn. Ẹ má jáyà, ẹ jẹ́ kó wọ rọ́bà pọ́ǹpù lọ. Àmọ́ bí ìfófó bá ń tò jáde láti ojú kan náà láìdáwọ́ dúró, bí ìgbà tí ẹja ń mí lábẹ́ omi, ẹ tẹ̀lé ìlà yẹn padà sẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni ibi tó ń jò wà. Ẹ fi téèpù onígọ́ọ̀mù mìíràn lé e, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí résìnì bá ti dé gbogbo etí, ẹ dí ẹnu tó ń gbà wọlé, kí pọ́ǹpù máa bá iṣẹ́ lọ títí á fi dì.

Ní ọjọ́ kejì, tí mo bá ti yọ ọ́ kúrò nínú móòdù, mo ń fi kọ́ìnì kàn án káàkiri, mo ń fetí sílẹ̀. Ibi tó bá dún gbàgà ni ìpele ti ya kúrò lára ìpele. Lẹ́yìn náà, mo ń gbé etí tí mo gé kúrò lára rẹ̀ sójú oòrùn. Mo ń kọ ọjọ́, ooru ṣọ́ọ̀bù àti nọ́ńbà géèjì sí i lára pẹ̀lú máákà, mo ń tọ́jú rẹ̀. Bí tóótòòtó tí mo rí nínú ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan bá ju mẹ́ta lọ, iṣẹ́ náà ò ní wọ ọkọ̀ ojú omi. Ìdérí àpótí irinṣẹ́ ni mo ń fi irú rẹ̀ ṣe, méjì sì ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù.